Tàgíìrì Kì Í Ṣe Mímu

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kó yé yín pé n kò wá tan ẹnikẹ́ni wọ iṣẹ́ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìyànà Ọ̀fà ló ní kí n sọ ìtàn ara mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ ó fi ọwọ́ yín ṣe láyé. Ó ní kí n máa sọ, òun á máa kọ. Mo bi í pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ ni, àbí èyí tó dùn ún gbọ́?" Ó ní gbogbo rẹ̀ ni. Ó dáa. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ràbíátù ni orúkọ mi. Iṣẹ́ eléwé ọmọ ni mo ṣe ní Lalúpọn láti kékeré títí di ọdún tó kọjá. Ewé, egbò àti èèpo igi ni mo ń já nínú igbó tí mo ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi mọ̀ mí jù lọ ni tàgíìrì.

Ẹni tí kò bá mọ tàgíìrì rí lè rò pé ẹ̀gúsí tó sọnù sínú igbó ni. Kò jayò pa, ẹbí ni òun àti ẹ̀gúsí, ẹbí ni òun àti elégédé. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín. Fúnra rẹ̀ ló ń hù lábẹ́ igi, tí yóò na ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí yóò di igi mú, tí yóò sì máa gùn ún lọ títí tí ewé rẹ̀ yóò fi bo orí igi náà bí ìborùn. Èso rẹ̀ tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì ní àmì funfun tótòtó lára. Bí èéyi bá bo ọmọ lára, a ó là á sínú omi, a ó fi omi náà wẹ̀ ẹ́. Bí àrùn bá wọ inú agbo adìyẹ, a ó gé e sínú omi tí wọ́n ń mu. Ẹnu ènìyàn ni kò gbọ́dọ̀ kàn. Ìkorò rẹ̀ kọjá ti ewúro, májèlé sì wà nínú rẹ̀. Bó bá wọ inú ọmọdé, yóò máa bì, yóò máa ṣu, títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Bàbá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, obìnrin tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Mọ́níyà nítorí pé Mọ́níyà ni wọ́n ti wá. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Mo jẹun, mo wọṣọ.

Ìyá Mọ́níyà le. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Fún ọdún kan gbáko, n kò ta ewé kan. Ẹrù ni mo ń rù. Lọ́sàn-án tí ọjà bá dá, wọn a fi gèlè di ojú mi, wọn a máa na ewé sí mi níkọ̀ọ̀kan.

"Kí nìyí?"

"Ewé akòko ni, Ìyá."

"Fi imú gbọ́ ọ dáadáa."

"Ewé... ewé ìyeyè?"

Wọn a fi ìka méjì fa etí mi, wọn a ní, "Ọmọ ọlọ́mọ lo ń pa nìyẹn." Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣì í ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò pé wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà mí ni.

Lọ́jọ́ kan, a wà nínú oko kòkó kan tí wọ́n ti pa tì lẹ́yìn Lalúpọn. Mo rí èso tàgíìrì mẹ́rin lókè igi. Dípò kí n gùn ún, mo di ìtàkùn rẹ̀ mú, mo fà á. Gbogbo rẹ̀ já wálẹ̀ lé mi lórí. Ìyá Mọ́níyà kò nà mí. Wọ́n ní kí n gbé ìtàkùn náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, kí n fi ti igi náà, kí n sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo dúró títí apá mi fi ń gbọ̀n.

"Ó ti rẹ̀ ọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Òun ńkọ́? Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ló ti ń gùn. Ìwọ fi ọwọ́ kan já a wálẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí tàgíìrì, màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ ìtàkùn rẹ̀ láti ìdí dé òkè, kí n má baà ṣi òmíràn gé mọ́ ọn. Èso tó ti gbó ni màá já, màá sì fi méjì sílẹ̀ kó lè hù lọ́dún tó ń bọ̀.

Àmọ́ èyí tó le jù nínú òfin wọn ni ti títà. Wọn kì í jẹ́ kí tàgíìrì kúrò lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé ẹni tó ń rà á sọ ọ̀rọ̀ kan. Oníbàárà a di ìdajì èso náà mú, Ìyá Mọ́níyà a di ìdajì mú. Wọn a ní, "Wíwẹ̀ ni, kì í ṣe mímu." Ẹni náà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ wí i padà, kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyàwó lọ́yà kan láti Ìbàdàn wá rà á lọ́jọ́ kan, ó ní òun kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, kí ló dé tí òun á máa ké e bí ewì. Ìyá Mọ́níyà fa èso náà padà, wọ́n jù ú sínú agbọ̀n.

Obìnrin náà ní, "Ìyá, kí lẹ wá ń tà á fún?"

"Fún ẹni tó bá lè wí i."

Obìnrin náà bínú lọ. Mo fi ẹnu gèlè bo ẹ̀rín. Ó dà bí àṣejù lójú mi nígbà náà.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ wàyí. Mo ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi, kí n lè dá àtẹ tèmi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Dọ́káàsì. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni, èmi jẹ́ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n odi ilé kan náà la jọ fara tì dàgbà. Ó ti lọ́kọ, ó sì ti bí ọkùnrin kan, Dáyọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n bí Dọ́káàsì bá fẹ́ dáná. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń gbé pẹ̀lú wọn. Etí Ìyá Àgbà wúwo díẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní láti dojú kọ wọ́n, kó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn pé mo mọ̀ ọ́n.

Èéyi jà ní ìlú lọ́dún náà. Dọ́káàsì àti ọkọ rẹ̀ wà lórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tó bo Dáyọ̀ lára. Ọjọ́ ọjà ni Ìyá Àgbà wá sí àtẹ wa. Ìyá Mọ́níyà ti lọ já egbò nínú igbó, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ yí mi ká, gbogbo wọn ń na ọwọ́, gbogbo wọn ń pariwo pé ti àwọn ni kí n kọ́kọ́ fún.

Ìyá Àgbà ní, "Ràbí, Dáyọ̀ ń gbóná. Ó ti bò ó títí dé ẹnu."

Mo mú tàgíìrì méjì, mo fi sí ọwọ́ wọn. Ojú mi wà lára ẹlòmíràn. Mo ní, "Wíwẹ̀ ni o, Ìyá, kì í ṣe mímu." Bí ẹni ń kí ènìyàn tó ń kọjá lọ ni mo ṣe sọ ọ́. N kò dojú kọ wọ́n. N kò di ìdajì mú. N kò dúró kí wọ́n wí i padà. Wọ́n mi orí, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun alásàárì, mo gbọ́ igbe láti ilé Dọ́káàsì. Nígbà tí mo débẹ̀, Dáyọ̀ wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wọ inú lọ, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ìyá Àgbà ń fi omi tọ́ ọ lẹ́nu, omi náà ń ṣàn jáde. Ife kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo gbé e sí imú. Ẹni tí wọ́n ti di lójú fún ọdún kan kì í ṣi òórùn tàgíìrì mọ̀.

Wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn kò tíì kúrò ní ìlú tó fi kú.

Bí Dọ́káàsì ṣe wọlé láti òkè àdúrà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, n kò lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fo ibẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ wá sí ilé Ìyá Mọ́níyà pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ìyá Mọ́níyà kọjú sí mi níwájú gbogbo wọn.

"Ràbíátù, ṣé o sọ fún Ìyá Àgbà?"

"Mo sọ fún wọn, Ìyá."

"Ṣé wọ́n wí i padà?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bi mí. Mo rí fírídọ́ọ̀mù mi. Mo rí ojú bàbá mi. Mo rí Dọ́káàsì.

Mo ní, "Wọ́n wí i padà."

Ìyá Mọ́níyà wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ Dọ́káàsì dìde, ó jáde. Wọ́n ti bi Ìyá Àgbà léèrè nílé, Ìyá Àgbà sì ti dáhùn pé èmi kò sọ fún àwọn pé kì í ṣe mímu. Ìgbà tí mo ti ní wọ́n wí i padà, ta ló tún máa gba àgbàlagbà tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa gbọ́? Ìlú ní wọ́n gbàgbé ni. Àwọn kan ní kì í ṣe ìgbàgbé, pé àjẹ́ ni wọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ wọn ti kó ẹrù wọn lọ sí abà, ó fi wọ́n síbẹ̀ nìkan.

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Mọ́níyà ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi. Wọ́n gbàdúrà fún mi bí wọ́n ti ń gbà á fún gbogbo ọmọ iṣẹ́. Àmọ́ láti ìgbà náà títí wọ́n fi kú, wọn kò bi mí ní orúkọ ewé kan mọ́.

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo ń wá egbò lọ, ọ̀nà mi sì gba ẹ̀gbẹ́ abà wọn. Ìyá Àgbà jókòó sí iwájú ahéré. Wọ́n ti rù. Wọ́n rí mi kí n tó lè yà sẹ́yìn igi.

"Ràbí. Wá."

Mo lọ, mo kúnlẹ̀.

"Sún mọ́ mi kí n lè gbọ́ ọ. N kò bá ọ jà. Mo kàn ń rò ó ni. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé o sọ fún mi lóòótọ́?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo sì wí i padà?"

Mo tún mi orí.

Wọ́n fi ọwọ́ pa etí wọn ọ̀tún, wọ́n fi pa tòsì. Wọ́n ní, "A jẹ́ pé èmi ni mo pa á." Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n fún mi ní iṣu sísun.

Wọ́n kú nígbà ọyẹ́ ọdún kejì. Ẹni tó ń lọ dẹ ọdẹ ló bá wọn lórí ẹní.

Ohun tó kù nínú iṣẹ́ mi, mo lè sọ ọ́ kíákíá. Mo di gbajúmọ̀. Kò sí eléwé ọmọ kan láti Lalúpọn dé Ẹgbẹ́dá tó le tó mi lórí òfin. Bí oníbàárà kò bá wí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní gba tàgíìrì lọ́wọ́ mi. Àwọn ènìyàn a máa yìn mí pé mo mú iṣẹ́ lọ́kùn-únkúndùn bí ọ̀gá mi. Bí wọ́n bá ti yìn mí báyìí, màá yára pe oníbàárà mìíràn.

Nǹkan iṣẹ́ yí padà lójú mi. Ewé gbòdògí la fi ń di àgbo fún oníbàárà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá dé, ewé lọ. Ọlọ ni mo fi ń lọ egbò. Ẹ̀rọ dé, a lọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, tí ojú kò lè mọ èyí tó jẹ́ egbò àti èyí tó jẹ́ pàǹtí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn wọ ọjà, pẹ̀lú ìgò kan tí wọ́n ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ibà, ó ń wo ẹ̀yìn ríro. Kò sí ẹni tó ń wí nǹkan kan padà fún wọn. Owó ni wọ́n ń gbà, ọkọ̀ wọn a sì ṣí.

Èyí tó pa wá ni kẹ́míkà. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ a fi àdá ro oko, a sì fi ẹ̀gbẹ́ igbó sílẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ń gbé táǹkì ìfínko sẹ́yìn, wọ́n ń fín in láti etí ọ̀nà dé etí odò. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n bí ẹni tí iná jó. Ibi tí wọn kò fín, wọ́n ti tà á. Oko kòkó tí mo ti gbé ìtàkùn lọ́wọ́ níjọ́sí, wọ́n ti fi kátápílà họ ọ́, wọ́n ti gbin òpó sí i, wọ́n kọ "Ẹsíteètì" sí i lára. Ilé kò tíì sí níbẹ̀. Pápá ilẹ̀ pupa lásán ni.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti yunifásítì wá bá mi. Ajíbọ́dẹ̀ ló ń gbé. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí òun dá lórí tàgíìrì, kí n mú òun lọ síbi tó wà. A gun ọ̀kadà, a rìn, a tún gun ọ̀kadà. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, a kò rí ju ìtàkùn kan lọ lára igi ìrókò kékeré kan. Ó ti gbẹ. Èso kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ó ti súnkì mọ́ra bí ìkúùkù òkú ọmọ.

"Màmá, níbo ló tún lè wà?"

Mo ronú gbogbo igbó tí mo mọ̀, láti Lalúpọn títí dé Ọ̀nà-Àrà. Mo ń ka wọn lọ́kàn níkọ̀ọ̀kan, mo ń yọ wọn kúrò. Mo sọ fún un pé kó máa lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí obìnrin kan pọn ọmọ wá sí àtẹ mi. Èéyi ti bo ọmọ náà. Mo sọ fún un pé n kò ní tàgíìrì, kó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Ó ní òun ti débẹ̀, wọ́n ní oògùn ti tán, kí òun padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé sì nìyẹn.

"Ìyá, ṣé kò sí ohun tí mo lè fi wẹ̀ ẹ́ pàápàá?"

Mo wo agbọ̀n mi. Lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Mo ní kò sí. Ó yí padà, orí ọmọ náà ń mì lẹ́yìn rẹ̀ bó ti ń rìn lọ. N kò mọ ibi tó lọ, n kò sì mọ bóyá ọmọ náà yè. Mo ká àtẹ mi lọ́jọ́ náà, n kò sì tún un tẹ́ mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ wà, mo ní ibi tí mo ń fi ojú pa mọ́ sí. Nígbà tí kò sí mọ́, ọ̀rọ̀ náà jókòó tì mí láti àárọ̀ dé alẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ, òtítọ́ kò sì wá. Èmi ni mo ní láti mú un lọ.

Dọ́káàsì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìyànà Ọ̀fà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo bá a lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yin àgbàdo sínú atẹ́. Inú rẹ̀ dùn sí mi. Ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi. N kò mu ún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, ti ọjà, ti ìbéèrè Ìyá Mọ́níyà, ti iwájú ahéré.

Kò dá mi dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára àgbàdo títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Ó wá ní, "Kí ló dé tí o fi wá sọ fún mi?"

Mo ní, "Kí n má baà kú pẹ̀lú rẹ̀."

"Kí èmi wá kú pẹ̀lú rẹ̀."

Ó tún ní, "Àṣàkẹ́ ni orúkọ wọn. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìwọ àti gbogbo ìlú, Ìyá Àgbà lẹ mọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ránṣẹ́ láti abà, pé kí n jọ̀ọ́ kí n wá, kí àwọn lè fi ẹnu ara àwọn bẹ̀ mí. N kò lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kí ẹni tí wọ́n rán sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bẹ Dáyọ̀ níbi tó wà."

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó wo àgbàdo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí í ṣe.

"Ràbí, ta ni n ó lọ bẹ̀ báyìí?"

Ó gbé atẹ́ rẹ̀, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bi mí bóyá mo ti rí màmá òun. Mo ní mo ti rí wọn. Mo sì wá ọ̀nà ilé lọ.